Ta Ni Ó Ni Orin Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọmọ ọdún 24, mo ń ránṣọ ní Tákíè. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ orin sínú ìwé, mo sì ń ta gìtá sí i fúnra mi. Orin mi ti tó 17 báyìí, mo sì fa ohùn ẹkún ìyàwó tí ìyá tó bí ìyá mi máa ń sun sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin kan láti Ìbàdàn gbọ́ mi níbi ìgbéyàwó, ó ní òun yóò náwó lé mi lórí, òun yóò gba orin 10 sílẹ̀ fún mi, òun yóò sì ya fídíò. Ìwé àdéhùn tí ó mú wá sọ pé gbogbo ẹ̀tọ́ lórí orin tí mo ti kọ àti èyí tí màá kọ fún ọdún 7 di tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n tètè fọwọ́ sí i, ìyá mi ní kí n ṣe sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé olórin lè dá dúró kí ó sì jẹun láti Ògbómọ̀ṣọ́, àbí dandan ni kí n lọ sí Èkó tàbí kí n wá ẹni tí yóò gbé mi dìde?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní èsì kí n tó ṣàlàyé, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ kà á tán. Má fọwọ́ sí ìwé náà bí ó ṣe wà yìí. Olórin lè dá dúró, ó sì lè jẹun láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oúnjẹ náà ń gbà wọlé kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń rò, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ọkùnrin tí ó fẹ́ náwó yìí lè jẹ́ ènìyàn rere, n kò sì ní ìdí kankan láti fura sí i. Ìwé rẹ̀ ni mo ń bá wí. Inú mi dùn pé o béèrè ní àkókò yìí, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ síwèé tán ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin tí ó ń wá sí sítúdíò mi máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ jáde látinú àpò, pé kí n bá àwọn kà á.

Inú èdè wa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́jú pọ̀. Bí Yorùbá bá ní lágbájá kọ orin kan, a kò mọ̀ bóyá ẹnu ni ó fi kọ ọ́ tàbí ó fi gègé kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún iṣẹ́ méjèèjì, nítorí pé láyé àwọn baba wa, ẹni tí ó ro orin jinlẹ̀ nínú ara rẹ̀ náà ni ó máa ń gbé e jáde lójú agbo, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti yà wọ́n. Òfin òde òní yà wọ́n. Lójú òfin, ìwọ tí o jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tí o hun ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ohùn, tí o sì kọ ọ́ sínú ìwé, ti dá dúkìá kan sílẹ̀, yálà ẹnikẹ́ni gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò tàbí kò gbà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá wọ sítúdíò tí ohùn rẹ wọ inú ẹ̀rọ, dúkìá kejì dé nìyẹn, èyí tí í ṣe ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá san owó ìgbohùnsílẹ̀ lè béèrè ìpín nínú dúkìá kejì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó pa á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, tí ó ti wà nínú ìwé rẹ kí ó tó mọ orúkọ rẹ? Ìwé àdéhùn tí ó gbé wá kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. "Orin" ni ó kọ síbẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan yẹn kó méjèèjì lọ.

Ronú sí igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìnkùlé púpọ̀ nínú àwọn ilé wa. Bí àsìkò rẹ̀ bá tó tí àwọn alájàpá dé, èso tí ó wà lórí igi lọ́dún náà ni wọ́n ń ná, òun náà ni wọ́n ń ká lọ. N kò tíì rí ìyá àgbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó gba owó èso ọdún kan tí ó sì fi igi lé alájàpá lọ́wọ́. Ìwé tí ó wà níwájú rẹ ń béèrè igi, ó sì tún ń béèrè àwọn igi tí o kò tíì gbìn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí Òfin Kọ́píráìtì tuntun ti Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní ti 2022. Lábẹ́ òfin yìí, ẹ̀tọ́ rẹ lórí orin bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí o ti kọ ọ́ sínú ìwé tàbí tí o fi ohùn rẹ sínú fóònù. Kò di ìgbà tí o bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé o lè fi í tó àjọ ìjọba tí ń rí sí kọ́píráìtì létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí bí ìjà bá dé. Ẹ̀tọ́ náà yóò wà lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ, yóò sì wà lọ́wọ́ àwọn ajogún rẹ fún ọdún 70 lẹ́yìn náà. Ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 50 ni, láti òpin ọdún tí a kọ́kọ́ gbé e jáde. Ọmọ ọdún 24 ni ọ́. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí o lo 80 ọdún láyé, orin tí o kọ lánàá yóò wà lábẹ́ àṣẹ rẹ àti ti ìdílé rẹ fún ọdún 126. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n fẹ́ fi owó sítúdíò orin 10 gbà lọ́wọ́ rẹ. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn àfi kí ó wà lákọsílẹ̀, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti pọ̀ tó láàárín yín, kò tíì gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ. Ìfọwọ́síwèé nìkan ni ó lè gbà á. Ohun kan sì tún wà tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Òfin gbà kí ènìyàn gbé ẹ̀tọ́ lórí orin tí kò tíì kọ rárá fún ẹlòmíràn, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé gbólóhùn ọdún 7 yẹn kò lè dúró nílé ẹjọ́. Ó lè dúró.

Mo mọ bí ó ṣe ń dunni. Ní àsìkò tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń tà, mo fọwọ́ sí ìwé olójú-ewé kan fún máákẹ́tà kan, ìyẹn ẹni tí ń gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde fún títà. Mo fi owó rẹ̀ ra gìtá àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, mo sì rò pé mo ti rọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹgbẹ́ akọrin kan fẹ́ kọ ọ̀kan nínú àwọn orin mi sínú kásẹ́ẹ̀tì tiwọn, wọ́n sì wá bá mi pẹ̀lú owó lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí. Ọ̀dọ̀ máákẹ́tà ni mo ní láti darí wọn sí, òun ni ó sì gba owó náà, nítorí pé ìwé tí mo fọwọ́ sí kò sọ pé kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni mo tà. Orin tí mo kọ ní òru tí wọ́n bí àkọ́bí mi ni. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́nà tuntun, àṣẹ ẹlòmíràn ni mo gbọ́dọ̀ tọrọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ ibi tí ọkùnrin náà ń gbé mọ́. N kì í lè kọ ọ́ lóde láìrántí.

Àwọn àgbà tí ó ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yìí rí ìṣòro náà tipẹ́. Ní 1969, Haruna Ishola tí gbogbo wa mọ̀ nídìí àpàlà àti I. K. Dairo onijùjú para pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, STAR Records, kí olórin lè jẹ́ onílé níbi tí ó ti ń ṣe ayálégbé tẹ́lẹ̀. Òkìkí àwọn méjèèjì ti kàn nígbà náà, kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò ní gbà wọ́n. Àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wá. Lánrewájú Adépọ̀jù tí ń ké ewì, ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Lanrad. Ní ìlú tiwa níbí, Ògúndáre Fọ́yánmu gbé ìjálá kúrò ní agbo àwọn ọdẹ wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni kò torí àwo fi èdè ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ sì sún mọ́ tìrẹ jù ni Ṣẹ́gun Akínlolú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Beautiful Nubia. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹranko ni ó kà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ orin rẹ̀, lábẹ́ EniObanke tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni ó sì ti ń gbé àwo lẹ́yìn àwo jáde láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn wá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pàṣẹ fún un irú orin tí ó gbọ́dọ̀ kọ. Èyí ṣe pàtàkì ju owó lọ fún irú olórin tí o fẹ́ jẹ́. Onírárà tí ó ń jẹun láàfin Ọ̀yọ́ ní iṣẹ́ ńlá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ń kọrin fún. Bí ẹnì kan bá ni gbogbo orin tí ìwọ yóò kọ fún ọdún 7, ìwọ náà yóò di onírárà ẹni náà, láìsí ààfin.

Ní ti oúnjẹ, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní kúkurú, nítorí pé òun ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò máa fà yọ fún ọ. Fúnra rẹ ni o lè gbé orin rẹ dé Boomplay, Audiomack, Apple Music àti Spotify, tí ó wọ Nàìjíríà ní 2021. Kò nílò baba ìsàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ apínrin-kiri ni ìwọ yóò lò. Àwọn kan ń gba owó ọdọọdún, bí o kò bá sì san án wọ́n lè yọ orin rẹ kúrò. Àwọn mìíràn ń gba owó lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì máa mú ìdá díẹ̀ nínú ohun tí ó bá wọlé. Wọn yóò fún orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tí a ń pè ní ISRC. Kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí o kọ orin sí. Ṣùgbọ́n má retí pé owó yìí yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun fún ọ. Láti 2024, Spotify kì í san owó ìgbohùnsílẹ̀ lórí orin tí kò bá tíì rí ìgbà 1,000 tí a gbọ́ ọ láàárín oṣù 12. YouTube ń béèrè fún àwọn olùtẹ̀lé 1,000 àti wákàtí ìwòran 4,000 láàárín oṣù 12 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó ìpolówó fún ẹni tí ń gbé fídíò gígùn jáde. Lẹ́yìn náà, ibi tí olùgbọ́ wà ní ń sọ iye tí ó ń wọlé: ẹni tí ń sanwó oṣù ní Amẹ́ríkà ń san ju èyí tí a ń san níhìn-ín lọ fíìfíì, nítorí náà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ó wà lókè òkun tí ó sì ń gbọ́ ẹkún ìyàwó nínú orin rẹ lè wúlò fún àpò rẹ ju ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ilé lọ. Gbé orin síbẹ̀ kí wọ́n lè rí ọ. Kì í ṣe ibẹ̀ ni owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yìí wà.

Òde ni owó wà, nílùú wa. Ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé, ìsìnkú àgbà, ìkómọ, ìkórè ìjọ, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ tí wọ́n sì fẹ́ ohun tí kò jọ ti gbogbo ibi: olórin tí ó ní gìtá kan, onílù kan, àti orin tí ó jẹ́ tirẹ̀ lè rí òde méjì sí mẹ́rin lóṣù láìkúrò láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, bí kò bá ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀ jù tí kò sì já ènìyàn kulẹ̀. Dá iye rẹ kí o tó gba òde, gba ìdajì sílẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ni ó ń pèsè ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ọkọ̀. Má ṣe gbójú lé owó tí wọn yóò fọ́n sí ọ lórí. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ní 2024 sì ni àjọ EFCC gbé àwọn ènìyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀ tí wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ àwọn olówó ti fà sẹ́yìn láti ìgbà náà, olórin tí ó bá gba òde ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé ó ń retí ìnáwó yóò padà sílé pẹ̀lú gbèsè ọkọ̀. Àwọn onílù rẹ, san owó wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ Àyàn tí o bá jẹ ní gbèsè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo agboolé rẹ̀ yóò gbọ́.

Orísun kẹta ni rédíò. Bí Ajílété FM tàbí Parrot FM bá ń lu orin rẹ, tàbí ilé ìtura kan ń fi í dá àlejò lára yá, ẹ̀tọ́ rẹ ni láti gba ohun kan, ṣùgbọ́n wọn kò ní wá ọ dé Tákíè. Ẹgbẹ́ tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ jọ fún àwọn olórin ni MCSN, èyí tí àjọ kọ́píráìtì fún ní ìwé àṣẹ ní 2017. Wọlé sí ẹgbẹ́ náà, kí o sì to orin rẹ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Owó ibẹ̀ máa ń falẹ̀, má sì fi ṣe ìṣirò oúnjẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bá wà nínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ orin yóò wúlò fún ọ títí tí o fi máa darúgbó.

Nítorí gbogbo èyí, má ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ṣì ń ránṣọ kì í ṣe olórin tòótọ́. Ebi sì ni ó fà wọ́n lọ fọwọ́ sí irú ìwé tí ó wà níwájú rẹ yìí. Owó aṣọ tí o ń rán ni ó fún ọ lágbára láti sọ pé rárá. Tí ó bá jẹ́ pé aṣọ mẹ́fà lóṣù ni ó lè san wákàtí kan ní sítúdíò, gba orin kan sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, kí ó dára, kí ó sì jẹ́ tìrẹ. Èkó kò lọ síbì kankan. Bí orin rẹ bá ti ní olùgbọ́ tí ó ń pè ọ́ wá síbẹ̀, lọ kọrin, kí o sì padà wálé. Ṣùgbọ́n láti lọ yá yàrá kan ní Èkó kí olùgbọ́ tó wà, owó ilé ni ìwọ yóò máa kọrin fún. Ilé ìyá rẹ wà níhìn-ín, onílù tí ó gbọ́ èdè orin rẹ wà níhìn-ín, ìyá àgbà tí ohùn rẹ̀ wà nínú orin rẹ náà wà níhìn-ín.

O kò béèrè nípa bí a ti ń kọ orin, ṣùgbọ́n n kò lè gbójú fò ó, nítorí ibẹ̀ ni iyì ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ wà. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo dàgbà sí, ìjọ tí míṣọ́nnárì Bowen gbé dé ìlú yìí ní 1855. A ń kọ àwọn orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá lórí ohùn òyìnbó, mo sì rántí bí bàbá mi ṣe máa ń mi orí, nítorí pé ohùn orin máa ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: àmì ohùn nìkan ni ó ya ẹni tí ó fẹ́ ìyá rẹ sọ́tọ̀ kúrò lára irin tí ó ń gbé lọ sóko. Ẹni tí ó ń kọ orin Yorùbá dáadáa kì í kọ́kọ́ ṣe ohùn kí ó tó wá ọ̀rọ̀ tẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó ń tẹ́tí sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń kọrin fúnra rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé e. Nínú orin tí o fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìbéèrè rẹ, o ṣe bẹ́ẹ̀ látòkèdélẹ̀, àfi ní ègbè kejì níbi tí bíìtì ti tì ọ́. Irú iṣẹ́ yìí kò ṣe é kọ́ ní sítúdíò, owó kò sì lè ṣe é. Ohun tí olówó lè mú wá ni ẹ̀rọ, fídíò àti ìpolówó. Ohun tí ìwọ mú wá kò sí ní ọjà.

Padà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Sọ fún un pé o dúpẹ́, pé o fẹ́ kí ẹ jọ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n pé ẹ ó tún ìwé náà kọ. Kí ìwé náà sọ ní kedere pé ẹ̀tọ́ lórí orin tí o kọ, ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, wà lọ́wọ́ rẹ, kò sì sí nínú àdéhùn yìí. Ní ti ohùn tí a óò gbà sílẹ̀, jẹ́ kí ó kọ́kọ́ máa yọ owó tí ó ná nínú ohun tí orin 10 yẹn bá pa wọlé, kí ẹ sì jọ pín ìyókù, ìdajì sí ìdajì kò burú, fún iye ọdún kan tí ó ní òpin, bí ọdún 5. Lẹ́yìn náà kí ohùn náà padà di tìrẹ. Iye tí ó ná gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú rìsíìtì, nítorí mo ti rí ibi tí owó ẹran tí wọ́n jẹ níbi ìyàfídíò wọ inú gbèsè olórin. Orin tí o kò tíì kọ kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀ rárá. Owó òde rẹ náà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, àfi òde tí òun fúnra rẹ̀ bá wá fún ọ. Àkáùntì tí ẹ bá fi gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ àti ímeèlì rẹ ni kí ẹ fi ṣí i, kí ìwọ fúnra rẹ sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá di èyí mú ni ó ń rí iye tí ń wọlé, ẹlòmíràn yóò máa gbọ́ ìròyìn ni. Kí ó máa fi ìṣirò hàn ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ó bá sọ pé òun kò lè náwó lórí irú àdéhùn yìí, kò ṣẹ̀ ọ́, ìwọ náà kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan kí o tó padà fọwọ́ sí i. Owó tí lọ́yà yóò gbà láti kà á kò tó ohun tí ìwọ yóò pàdánù bí o bá fọwọ́ sí i láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Irú ìṣọ́ra yìí kò yọ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tí ń tẹ dùùrù bá bá ọ ṣe ègbè orin kan, ẹ má kúrò ní sítúdíò kí ẹ tó kọ ọ́ sórí ìwé kan iye tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àti iye tí ó jẹ́ tìrẹ, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i kí ẹ sì kọ ọjọ́. Bí o bá ra bíìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mọ̀ bóyá o rà á pátápátá ni tàbí o yá a lò, nítorí bíìtì tí a yá fún ènìyàn ogún lè mú kí YouTube ka orin rẹ sí ti ẹlòmíràn. Kí o sì mú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìwọ yóò máa gbà kọ orúkọ orí ìtàgé rẹ. Olórin kan tí mo bá ṣiṣẹ́ fi àmì ohùn sórí orúkọ rẹ̀ níbi kan, kò fi sí i níbòmíràn, àwọn ẹ̀rọ náà sì sọ ọ́ di ènìyàn méjì, tí owó àti olùgbọ́ rẹ̀ pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ó ku ohùn ìyá àgbà. Ẹkún ìyàwó kì í ṣe tìrẹ, kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti gbogbo àwọn obìnrin ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti sun ún kúrò nílé bàbá wọn ni. Òfin kọ́píráìtì wa dáàbò bo irú iṣẹ́ ìran bẹ́ẹ̀, ó sì gba olórin láàyè láti yá nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó tọ́ láti fi ṣe iṣẹ́ tuntun tirẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí ó ti mú un. Nítorí náà, ohun tí o fi kún un ni o lè pè ní tìrẹ, kí o sì kọ ọ́ sábẹ́ orin náà pé ẹkún ìyàwó Ògbómọ̀ṣọ́ ni o fà lò. Kò sì sí ìwé àdéhùn kankan tí o lè fi ta èyí tí kì í ṣe tìrẹ fún ará Ìbàdàn náà. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "gbogbo ẹ̀tọ́" inú ìwé yẹn kò fi lè rí bẹ́ẹ̀. Kí o tó tún wọ sítúdíò, jókòó ti ìyá àgbà ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ara rẹ̀ bá yá, tan fóònù rẹ, kí o sì jẹ́ kí ó sun ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a dúró. Lẹ́yìn náà, bi í pé ta ni ó kọ́ ọ, ní agboolé wo, àti pé ní ọjọ́ ìgbéyàwó ta ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé orin rẹ.